Kọ́kọ́rọ́ Kan fún Gbogbo Ilẹ̀kùn

Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ àti ọdún tí ó bí i ni ìyá kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, fi ṣe ọ̀rọ̀ ìpamọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní páásìwọ́ọ̀dù. Ímeèlì ni o, Facebook ni o, báǹkì ni o, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni. Gbogbo ẹni tí ó ti bá a yọ̀ lórí Facebook ní ọjọ́ ìbí ọmọ náà ni ó sì mọ orúkọ àti ọdún ọ̀hún.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní òru ọjọ́ kan, ẹnìkan wọ inú ímeèlì rẹ̀, ó gba ibẹ̀ bọ́ sórí Facebook, ó sì fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó ìtọ́jú lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ní London. Àbúrò fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Owó náà kò padà. Ohun tí ó dun ìyá jù ni pé láti ìgbà náà, bí ó bá kọ̀wé sí àbúrò yìí, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ pè é láti gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó gbà pé òun ni.

Ní Sátidé kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá a jókòó. Wọ́n kọ gbogbo àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti èyí tí kò lò mọ́ pa. Ímeèlì ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí ẹni tí ó bá di ibẹ̀ mú lè gbẹ̀yìn yí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ àwọn yòókù padà.

Ìyá béèrè bóyá oṣooṣù ni òun yóò máa pààrọ̀ wọn. Kò pọn dandan mọ́. Bill Burr, tí ó kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà ní 2003, sọ ní 2017 pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, NIST yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà: kí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ gùn, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ni ìyá so pọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Inú àpótí tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wà ni ó tọ́jú ìwé náà sí. Ó fi han àkọ́bí rẹ̀, ó ní: “Bí mo bá papò dà, ẹ má jẹ́ kí àwòrán bàbá yín há sínú fóònù.”