"Bàbá yín ò dé Lọ́ńdọ̀n rí": Ohun tí Màámi sọ nígbà tá a fẹ́ẹ́ ya fọ́tò ẹbí

Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́tò kan wà nílé wa n'Íbàdàn tínú mi kì í dùn sí tí mo bá rí i. Ọdún 1997 la yà á. Bàbá wa jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, Màámi jókòó tì wọ́n, Bọ̀dá mi àti Àǹtí mi dúró sẹ́yìn. Èmi àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà, orí ẹsẹ̀ Màámi ni mo wà, ẹkún ni mo sì ń sun nítorí iná kámẹ́rà tó ń kọ mànà. Mo kẹ̀yìn sí onífọ́tò. Ẹ̀yìn orí mi nìkan ló hàn. Fọ́tò kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ wà pẹ̀lú Bàbá nìyẹn o, torí Bọ̀dá mi lọ sí Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 2008, nígbà tí Bàbá sì jáde láyé lọ́dún 2011, ìwé ìgbélùú wọn ò tíì jáde. Wọn ò lè wá sin bàbá wọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Màámi gba físà lọ́dún 2023, témi náà gba tèmi, tí Àǹtí mi tó ń gbé ní Houston, l'Amẹ́ríkà, ní àwọn náà á wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ Bọ̀dá ní Peckham, fọ́tò lohun àkọ́kọ́ tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní ká gba onífọ́tò gidi, ká rán ẹgbẹ́jọdá, ká ya fọ́tò táwọn ará ilé máa rí tí wọ́n á mọ̀ pé a dé Lọ́ńdọ̀n lóòótọ́. Ṣé ẹ mọ bí oníròyìn ṣe máa ń ṣe, mo bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí fún yín, ó lè wúlò lọ́la. Trafalgar Square tó máa ń wu gbogbo èèyàn, abẹ́ ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀n ló wà, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ owó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọgbà ọba, irú Greenwich Park. Ẹni tó ń fi fóònù ya ìyàwó ẹ̀ ò ní wàhálà, àmọ́ onífọ́tò tẹ́ ẹ sanwó fún, ẹ bi í bóyá ó ti gbàṣẹ. Èkejì, nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọdún 1988, onífọ́tò ló ni fọ́tò tó bá yà, bẹ́ ẹ tiẹ̀ sanwó, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mí-ìn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà sọ pé tó bá jẹ́ fọ́tò ìdílé lẹ ní kó yà fún yín, kò gbọ́dọ̀ gbé e síta láìjẹ́ pé ẹ gbà. Bọ̀dá mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé ojú àwọn ọmọ wọn kiri orí Instagram, la bá ní kí onífọ́tò kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n lonífọ́tò ọ̀hún. Ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, kò lè sọ ju "ẹ káàsán mà" lọ. Ó gba 150 pọ́n-ùn sílẹ̀, ó lọ gbàṣẹ, a wá fi àdéhùn sí orí òkè Greenwich, níbi téèyàn ti máa ń rí odò Thames àtàwọn ilé gogoro lókèèrè. Aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán ni mo mú. Èmi ni mo mú un o, ẹ má bá ẹlòmíì wí. N ò rántí pé lóṣù Disẹ́ńbà, oòrùn Lọ́ńdọ̀n ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.

Ká tó délẹ̀, ká tó ríbi gbé mọ́tò sí, ká tó gun òkè náà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Màámi ti pé ẹni ọdún 74, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Atẹ́gùn ń já gèlè mọ́ wọn lórí. Wọ́n gbé kóòtù Bọ̀dá mi wọ̀ lé aṣọ òkè, ẹgbẹ́jọdá tá a tìtorí ẹ̀ náwó ò hàn mọ́. Ni wọ́n bá ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé èmi lẹ fẹ́ẹ́ yà ni àbí òtútù?" A rẹ́rìn-ín, a ká kámẹ́rà, a sọ̀ kalẹ̀.

Nínú mọ́tò lonífọ́tò ti sọ fún mi pé kí n má banú jẹ́. Ó ní kí n fún òun ní fọ́tò Bàbá, òun á fi kọ̀ǹpútà gbé wọn jókòó ti Màámi, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ní èmi náà á wá ní fọ́tò témi àti bàbá mi jọ kọjú síwájú. Bá a ṣe délé ni mo sọ fún Màámi. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́.

"Bàbá yín ò dé Lọ́ńdọ̀n rí," ni wọ́n wí. "Ó wù wọ́n kí wọ́n dé ibẹ̀, ọlọ́jọ́ ló dé. Tẹ́ ẹ bá wá gbé wọn síbẹ̀, ọmọ ọmọ yín tó bá rí i lọ́la á ní bàbá àgbà òun jayé Lọ́ńdọ̀n. Irọ́ lẹ pa fún un yẹn."

Bọ̀dá mi tẹrí ba. Wọ́n ní, "Màámi, èmi ni mi ò wá sílé."

Màámi ní, "Mo mọ̀. Ìyẹn náà, kọ̀ǹpútà ò lè tún un ṣe. Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, Màámi ṣí báàgì wọn, wọ́n yọ nǹkan kan tí wọ́n fi ìró wé. Fọ́tò ọdún 1997 yẹn ni, pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀. Wọ́n ti gbé e láti Ìbàdàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kejì ẹ̀, onífọ́tò wá bá wa nílé n'Peckham ní aago mọ́kànlá àárọ̀. A gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa. Màámi jókòó bí àwọn àgbà ṣe máa ń jókòó, wọ́n gbé fọ́tò náà lé ẹsẹ̀, wọ́n fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àwa tó kù àtàwọn ọmọ Bọ̀dá mi dúró sẹ́yìn wọn. Kò gbà tó wákàtí kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń múra irú ẹ̀ lókè òkun, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè ibi tó lẹ́wà. Ẹ bèèrè ta ló máa kọ́kọ́ rẹ̀ nínú yín, ẹ bèèrè aago tí oòrùn ń wọ̀, ẹ sì bi ìyá yín ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Fọ́tò tuntun yẹn ti wà lára ògiri n'Íbàdàn báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wà nínú ẹ̀: mo dúró sẹ́yìn Màámi, mo kọjú síwájú, mo tún wà lórí ẹsẹ̀ wọn nínú gíláàsì, mo ń sunkún, mo kẹ̀yìn. Inú kì í bí mi sí i mọ́.