Ǹjẹ́ Ohun Ẹlẹ́mìí Wà ní Mars?

Ẹ̀yin èwe wa, ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí wa: ǹjẹ́ ohun ẹlẹ́mìí wà ní Mars, pílánẹ́ẹ̀tì tí ó múlé ti Ayé wa? Àwọn àgbà kan a máa sọ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè ba ìgbàgbọ́ jẹ́. A ti rí ọmọ tí wọ́n bá wí nítorí rẹ̀, tí kò sì bi àgbà ní ohunkóhun mọ́. Èyí dùn wá. Ọba tí ó dá Ayé kò ṣe aláìlágbára láti dá ohun mìíràn sí ibòmíràn. Ojúṣe tiwa ni kí a wádìí, kí a má sì kánjú.

Mars kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa pàápàá. Ní ọjọ́ 3 oṣù October, 1962, òkúta kan já láti sánmọ̀ sínú oko àgbàdo kan ní Zagami, ní agbègbè Katsina, kò sì jìnnà sí àgbẹ̀ tí ó wà lóko. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílógíráàmù 18. Ní 1976, ọkọ̀ Viking méjì balẹ̀ sí Mars, wọ́n sì yẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú òkúta Zagami bá ti Mars mu.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ewu ìkánjú. Ní 1996, àwọn onímọ̀ NASA kan kéde pé nínú òkúta Mars mìíràn, tí a rí ní Antarctica ní 1984, àwọn rí àmì tí ó jọ ti kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Ariwo gba ayé kan. Nígbà tí àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ohun tí kò lẹ́mìí náà lè fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì gbà á.

Ní 2021, ọkọ̀ Perseverance balẹ̀ sí Jezero, níbi tí odò ti ń ṣàn wọ inú adágún rí. Ní 2024, ó gbẹ́ òkúta alámì tóótòòtó kan. Ní 2025, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ pé àmì náà lè jẹ́ ti kòkòrò àtijọ́, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ó ṣeé ṣe" ni wọ́n wí, wọn kò wí pé "ó dájú".

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí a bá pa lẹ́nu mọ́ nílé, ìta ni yóò ti gba ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè, nítorí abèèrè kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní. Àmín.