Eré Tí Mo Gbà Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní, ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láìronú ni wọ́n fi òwe yìí kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ó kan ẹni tí ń gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ náà ni kí a gba eré orí ẹ̀rọ sílẹ̀, kí a tún un ṣe, kí a sì gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i wò. Ọdún 2005 ni YouTube bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà wá sì ni irú fídíò bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ẹni tí ń wò ó yóò rò pé eré lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ń ṣe é ni ó mọ òógùn tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2019, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jọ ń gbé ní ilé àwọn òbí wa ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ni ẹ̀rọ PlayStation 4 tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n ní alaalẹ́. Ẹ̀rọ náà lè gba eré sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán tí ó ń gbà kì í mọ́ tó èyí tí ojú wa ń rí: 30 péré ni àwòrán tí ó ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí 60 ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà mo fi owó tí mo ti ń tù jọ ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní capture card. Wáyà kan ti ara PlayStation wá sí ara rẹ̀, òmíràn ti ara rẹ̀ lọ sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀kẹta sì lọ sí ara kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi.

Ní ọjọ́ kìíní, òkùnkùn biribiri ni mo rí. Mo tú wáyà, mo tún un so, òkùnkùn náà kò ṣí. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé àgádágodo kan wà nínú PlayStation náà, tí wọ́n ń pè ní HDCP, èyí tí a fi ń dènà àwọn tí ń jí fíìmù dà kọ. Ẹ̀rọ náà gbà kí ẹni tí ó ni ín ṣí i nígbà tí ó bá ń ṣe eré. Mo ṣí i, àwòrán sì yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹrù tí mo fẹ́ gbé ti wúwo tó. Àwòrán tí a ní ó ń rìn kò rìn ní ti tòótọ́. Àwòrán tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àmì àwọ̀ wínníwínní 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òòró, àpapọ̀ rẹ̀ sì ju 2,000,000 lọ. Bí a bá ní kí a kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ láìdín ohunkóhun kù, eré wákàtí kan yóò gba àyè tí ó ju gígábáìtì 1,300 lọ. Ta ni yóò rí ibi kó o sí? Nítorí náà kọ̀ǹpútà ní láti di ẹrù náà. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ láti dì í ni H.264, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ọdún 2003. Yóò kọ àwòrán kan sílẹ̀ lódindi, lẹ́yìn náà ohun tí ó bá yí padà nìkan ni yóò máa kọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ń rán ọmọ rẹ̀ sí ilé kan náà lójoojúmọ́ kì í ti í tún júwe ọ̀nà fún un mọ́, àfi bí ohun kan bá yí padà lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ògiri tí kò mì fi rọrùn láti dì, tí òjò àti koríko pápá fi ń fún kọ̀ǹpútà ní wàhálà. Ìwọ̀n tí YouTube dámọ̀ràn fún irú àwòrán tèmi ni mẹ́gábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tẹ̀ lé e, wákàtí kan kò ní ju nǹkan bí gígábáìtì 5 àti ààbọ̀ lọ.

Nígbà tí ó ṣe, ẹ̀gbọ́n mi rí ìwé àṣẹ gbà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà. Ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọ̀la yóò mọ́ kí ó lọ, a jókòó láti gbá bọ́ọ̀lù ìdágbére. Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré sí orí tábìlì, mo sì ṣí OBS Studio, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ó ti wà láti ọdún 2012, kí ó máa gbà á sílẹ̀. Màmá àgbà, ìyá tí ó bí bàbá wa, fa àga wọn súnmọ́ wa. Wọn kò mọ ohunkóhun nípa eré náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wa bá ti kígbe, wọn a kì í ní oríkì. “Àyìndé, rọra o! Ṣé o kò ní ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àbúrò rẹ ni?” Báyìí ni wọ́n ń wí, tí gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín.

A ti gbá a tó ìṣẹ́jú 48 nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Tẹlifíṣọ̀n kú, kọ̀ǹpútà kú. Ní ìdájí tí iná dé, mo sáré lọ wò ó. Mo rí fídíò náà níbẹ̀, ó wúwo ju gígábáìtì 4 lọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò ṣí. Mo gbìyànjú títí ọkọ̀ fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ó ti bàjẹ́.” Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní, “A ó tún gbá òmíràn.” Ó sì wọ ọkọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Irú àpótí tí mo ní kí OBS kó fídíò náà sí ni MP4, èyí sì jẹ́ irú èyí tí ń dúró di ìgbẹ̀yìn kí ó tó kọ ìwé atọ́ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó dàbí ìyá ọlọ́jà tí ń tà láwìn láti òwúrọ̀, tí ó ní ìrọ̀lẹ́ ni òun yóò tó kọ orúkọ àwọn oníbàárà sílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe é kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, ọjà ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí owó wà. Àpótí mìíràn ń bẹ tí ń jẹ́ MKV; òun a máa kọ ọ́ bí ó ti ń tà á. Bí iná bá lọ, ohun tí ó ti gbà kò ní ṣègbé. Bí a bá sì parí, OBS lè sọ ọ́ di MP4 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìba àwòrán rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 2024, OBS gbé irú MP4 tuntun kan jáde tí ó lè fara da irú ìjàǹbá yìí, ṣùgbọ́n ní 2019, èmi ti jẹ ìyà àìmọ̀ mi.

Mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ kejì. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń da ohùn eré àti ohùn wa pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá sì ti da omi sí gaàrí kò lè yà wọ́n mọ́. Mo wá rí i pé OBS lè ya ohùn sí ọ̀nà 6 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi ohùn eré sí ọ̀nà kan, mo fi tiwa sí òmíràn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Kánádà pé kí a gbá òmíràn tí a jọ ṣe àdéhùn rẹ̀. A gbá a láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi fóònù sí orí tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè máa jáde ketekete. Màmá àgbà tún fa àga wọn súnmọ́ mi. Iná kò sí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ amúnáwá ni a tàn. Ní ìṣẹ́jú 37, epo tán nínú rẹ̀, gbogbo nǹkan sì kú. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rọ epo tí mo sì ṣí fídíò náà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pérépéré. Ohùn tí ó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni ti Màmá àgbà: “Àyìndé, ṣé o ti jẹun?” Ìdáhùn kò sí níbẹ̀, nítorí epo ti tán.

Mo tún fídíò náà ṣe. Mo gé ibi tí kò dùn, mo yọ ohùn ilé wa kúrò, mo sì sọ àlàyé mìíràn sí i. Mo ti pa orin inú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí láti ọdún 2007 ni YouTube ti ní ètò tí ń dá orin onírin mọ̀. Èyí tí mo gbé jáde fún aráyé kò ju ìṣẹ́jú 9 lọ. Èyí tí a kò tún ṣe, mo tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, mo sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Màmá àgbà papò dà ní ọdún 2022. Ẹ̀gbọ́n mi kò ráyè wá sí ìsìnkú wọn. Mo bi í bóyá kí n bá a yọ ariwo ẹ̀rọ amúnáwá kúrò nínú ohùn náà kí ó lè mọ́ gaara. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ilé ṣe ń dún nìyẹn.”

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ fi sọ́kàn pé a lè tún fídíò ṣe lónìí, kí a tún un ṣe lọ́la, kí a sì tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á sílẹ̀. Ẹ dán ẹ̀rọ yín wò fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya ohùn sọ́tọ̀. Ẹ kó o sí àpótí tí kò ní ṣègbé bí iná bá lọ. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jókòó tì yín lónìí tí ń rẹ́rìn-ín, ẹ kò mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ni ẹ ó wá máa wá kiri lọ́la.