Bẹ́ńṣì Inú Gáréèjì

Bí ènìyàn bá dárúkọ gáréèjì ní Ìkòròdú, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọmọ ìlú ni ibùdókọ̀ tí èrò ti ń wọkọ̀ lọ sí Èkó, sí Ṣágámù àti sí Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n gáréèjì mìíràn ń bẹ tí kò ní agbèrò, tí kò sì ní ariwo. Èyí ni yàrá tí onílé kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kí mọ́tò rẹ̀ má baà sùn sínú òjò. Ní Agric, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Mile 12 wọ Ìkòròdú, irú yàrá bẹ́ẹ̀ wà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni mọ́tò ṣì ń sùn sí. Ní ọdún 2015 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ọ̀nà tí ọkọ̀ BRT nìkan ń gbà láti Mile 12 dé Ìkòròdú, Agric sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọkọ̀ náà ń dúró sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin; kí oṣù náà tó parí, epo tí kò tó 200 náírà ní lítà kan ti lé ní 480 náírà. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó wá ta mọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn èyí, kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wí.

Yàrá òfìfo kì í pẹ́ ní olówó. Ti Bàbá Ìbejì kò yàtọ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọdún 35 ni ó lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ pákó tí ó ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni ó wá fẹ́ fi jẹun ní ọjọ́ alẹ́. Gáréèjì rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó sì gùn ní 20. Ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ kọjú sí gúúsù, fèrèsé kan ṣoṣo sì wà lára ògiri ìlà oòrùn. Lábẹ́ fèrèsé yìí gan-an ni fìríísà ìyàwó rẹ̀ wà. Ẹja tútù inú yìnyín ni Ìyá Ìbejì ń tà, ẹja yìí ni ó sì ń bọ́ ilé láti ìgbà tí owó oṣù ti dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pákó àti ìṣó nìkan ni ó wà nílẹ̀, nígbà náà. Iṣẹ́ tí ó ń mú owó wọlé àti iṣẹ́ tí ènìyàn ń retí pé yóò mú owó wọlé ni wọ́n dojú kọ ara wọn lórí ògiri kan.

Ohun tí Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ gbèrò ni láti kan kọ́bọ́ọ̀dù yí ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, kí ó sì wá àyè fún bẹ́ńṣì lẹ́yìn náà. Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn nìyí, nítorí pé kọ́bọ́ọ̀dù ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ ti fi ẹrù ṣáájú ẹlẹ́rù. Ọ̀nà tí igi yóò gbà wọlé, ibi tí yóò dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń gé e, àti ibi tí ènìyàn yóò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí, àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ kò ní irú wàhálà yìí. Orí àpótí kékeré tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni ó fi ń há igi mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni bẹ́ńṣì ara rẹ̀. Ìlànà àwọn agbẹ́gilére bẹ́ẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún, mú dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ láti ọdún 1947. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Lámidi Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún sì ti kọ́ṣẹ́. Agbẹ́gilére ń yí igi lọ́wọ́. Káfíńtà ni ó ń rìn yí igi ká. Nítorí náà ni káfíńtà ṣe ní láti ronú nípa àyè. Àní Àjàyí Crowther, ẹni tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ mọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sàró lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọdún 1822. Káfíńtà, bẹ́ńṣì, kọ́bọ́ọ̀dù: àwọn ọ̀rọ̀ náà kò fi ibi tí wọ́n ti wá pamọ́.

Pákó tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 ni Bàbá Ìbejì ń rà. Plaiwúùdù gùn ní 8, ó sì fẹ̀ ní 4. Ayùn oníná tí ó ní tábìlì tirẹ̀, irú èyí tí ó dúró lójú kan tí wọ́n ń ti igi sí lẹ́nu, ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù. Ó ti ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún un. Ìṣirò ni ó wá bá a jà. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 nílò àyè 12 kí ó tó dé ẹnu ayùn, ó sì tún nílò 12 mìíràn nígbà tí ó bá ń jáde. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24, gáréèjì kò sì ju 20 lọ. Plaiwúùdù nílò 16. Ayùn àti ẹni tí ń tì í yóò jẹ nínú 4 tí ó ṣẹ́kù, bẹ́ńṣì kò sì tíì dé ibẹ̀. A lè yí ayùn náà kọjú sí ẹnu ọ̀nà kí igi máa jáde sí àgbàlá, ọ̀pọ̀ káfíńtà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ní ṣeé tì nígbà òjò, òjò Ìkòròdú kì í sì í bẹ̀bẹ̀ kí ó tó rọ̀.

Ìyá Ìbejì kò pariwo nígbà tí ó gbọ́ nípa ayùn oníná. Ìbéèrè ni ó béèrè.

“Bàbá, ìyẹ̀fun pákó yín àti ẹja mi, èwo nínú wọn ni ẹ rò pé oníbàárà yóò wá rà?”

“Fìríísà ní ìdérí, Ìyá Ìbejì.”

“Ìdérí náà ni mo ń ṣí fún wọn.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ju ti ẹja lọ pàápàá, ìyẹ̀fun pákó a máa dí ihò tí ooru fìríísà ń gbà jáde, ẹ̀rọ inú rẹ̀ a sì máa gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Ìyẹ̀fun ìrókò a sì máa ta ènìyàn nímú àti lójú. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, tí jẹnẹrétọ̀ bá di dandan, kò gbọdọ̀ wọ inú gáréèjì rárá: èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó ń pa ènìyàn kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun.

Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Ìbejì fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà gbogbo ohun tí ó fẹ́ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, bí wọn yóò ti tóbi tó gan-an. Ó to páálí jọ sí ibi tí bẹ́ńṣì yóò wà, ó sì mú ọparun kan tí ó gùn bí pákó, ó ń gbé e wọlé, ó ń gbé e jáde. Ìyá Ìbejì náà gbé ọpọ́n ẹja, ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi fìríísà bí ìgbà tí oníbàárà ń kánjú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe eléyìí, àwọn aládùúgbò sì rò pé wọ́n ń kọ́ ijó. Ṣùgbọ́n ilà ṣọ́ọ̀kì ṣeé fi omi nù. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti kàn mọ́ ògiri kò ṣeé nù.

Ọparun yìí ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá Ìbejì ti fẹ́ kí bẹ́ńṣì na orí láti abẹ́ fèrèsé wá sí àárín yàrá, kí òun dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí òun sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Èrò náà dára: ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń ṣiṣẹ́, fèrèsé yóò sì wà ní òsì rẹ̀, tí òjìji ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní bo ilà tí ó fẹ́ gé. Ní ilé tí iná kì í dúró, fèrèsé ni àtùpà. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ tẹ́ ọparun sórí páálí, orí rẹ̀ kan ògiri: yàrá fẹ̀ ní 10, ọparun gùn ní 12. Ó dúró, ó wò ó títí. Kò sí apá aṣọ tàbí ẹsẹ̀ tábìlì tí ó gùn tó 12. Ohun tí ó gùn jù nínú ohun tí òun yóò kàn, ẹ̀gbẹ́ wọ́dúróòbù, kò ju 7 lọ. Nítorí náà, pákó kò ní wọlé ní odindi mọ́. Orí ìtìlẹ̀ méjì ní àgbàlá ni wọn yóò ti máa fi ayùn ọwọ́ gé e sí ìwọ̀n, kí ó tó wọ yàrá.

Bí èyí ti yanjú ni ayùn oníná kúrò nínú ètò. Àwọn ilé ìlagi tí àwọn ènìyàn ń pè ní sọ́míìlì a máa la pákó, wọ́n a sì máa fá a fún ẹni tí ó bá sanwó. Igi kò ṣàjèjì sí ọ̀sà yìí: ìtì igi tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n ti ń fà lójú omi lọ sí Oko Bàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́tta láti ayé ọjọ́un, Àgbọ́wà tí ó wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti kó àwọn onígi náà lọ. Ó dun Bàbá Ìbejì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi dárúkọ ayùn náà.

Gíga bẹ́ńṣì kò mú ariwo wá. Ó dúró ṣánṣán, ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wọ́ sílẹ̀, wọ́n sì wọ̀n láti ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀: ínṣì 33. Bẹ́ńṣì tí ó bá ga jù a máa fa èjìká sókè nígbà tí ènìyàn bá ń fi ìfági fá igi. Èyí tí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ̀yìn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ìgbà náà ni ó tó kan kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tí ó sì ṣẹ́kù fún un kò pọ̀. Bẹ́ńṣì jẹ 6 nínú 10. Ohun tí wọ́n fi ń gbé pákó tí wọ́n ti gé, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ìwọ̀ oòrùn, jẹ 1. Àlàfo 3 ni ó kù fún rírìn, bí kọ́bọ́ọ̀dù kan bá sì ní ilẹ̀kùn tí ń ṣí síta níbẹ̀, yóò dí ọ̀nà. Nítorí náà ògiri ẹ̀yìn, lẹ́yìn ẹni tí ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n kan gbogbo rẹ̀ sí, láìní ilẹ̀kùn, kí ènìyàn lè yí padà kí ó sì mú ohun tí ó fẹ́. Jíjìn rẹ̀ kò ju ínṣì 12, nítorí pé ohun tí ó bá wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù jíjìn ti di ti inú ibẹ̀. Ayùn, òòlù àti ìfági wà láàárín èjìká àti ìbàdí. Ohun tí ó wúwo wà nísàlẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ínṣì 6 gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí omi òjò àti ikán, wọ́n sì jẹ́ kí ó jìnnà díẹ̀ sí ògiri kí ọ̀rinrin má baà mú un. Fáníìṣì àti àwọn ohun tí iná lè ràn mọ́ bọ́ sínú àpótí onírin alágádágodo ní ìta.

Fìríísà kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, lábẹ́ òrùlé páànù, ni wọ́n gbé e lọ, oníbàárà kò sì gba inú gáréèjì kọjá mọ́. Àmọ́ Ìyá Ìbejì kò fi fèrèsé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ayùn ni wọ́n fi ra páànù náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì kàn lórí bẹ́ńṣì tuntun ni ìjókòó fìríísà, tí wọ́n fi ìbàdí rẹ̀ wọ̀n kí ó má baà máa tẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ. Ó tún ní kí wọ́n fún òun ní àjà kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún òṣùwọ̀n òun, nítorí àwọn ọmọdé. Àjà kejì láti òkè ni ó yàn. Ibẹ̀ ni ìfági gígùn yẹ kí ó wà. Abẹ́ bẹ́ńṣì ni ó wà báyìí.