Ẹrù Kámẹ́rà Tó Yẹ Ọ̀nà Gberefu

Fótò méjìlá ni rólù fíìmù 120 kan máa ń fúnni nínú kámẹ́rà Yashica-Mat 124G. Kò sí ìkẹtàlá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ dé Gberefu, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun Àtìláńtíìkì, láti ilé ló ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò gbé lọ́wọ́. Iyanrìn, igi àgbọn, àwọ̀n àti ọkọ̀ apẹja ni èèyàn máa bá níbẹ̀, kì í ṣe ìsọ̀ ohun èlò fótò. Ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa gbà lọ sóko ẹrú ni mo fẹ́ lọ yà. Mo fẹ́ yà á ní dúdú àti funfun, pẹ̀lú kámẹ́rà olójú méjì, irú èyí tí àwọn onífótò àtijọ́ gbé kọ́rùn lọ síbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ojú òkè la fi ń wo ohun tí a fẹ́ yà. Ojú ìsàlẹ̀ ló ń yà á.

Kí n tó lọ, mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá kan ní Èkó, onífótò tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi ìka tọ́ etí lẹ́ńsì rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “bi kámẹ́rà rẹ léèrè kó o tó bi ọlọ́jà. Ibí yìí ló ti máa dá ọ lóhùn.”

Etí lẹ́ńsì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Fílítà tí a ń yí wọ kámẹ́rà òde òní kò lè dúró lórí Yashica-Mat. Ìdè tí wọ́n ń pè ní Bay I ló ní, irú èyí tó wà lára Rolleiflex alábọ́ọ́dé, èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ 75mm f/3.5 Tessar. Ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ní Braunschweig, nílẹ̀ Jámánì, ló gbé Rolleiflex àkọ́kọ́ jáde ní 1929, àwọn ará Japan sì tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n Rolleiflex kan kò dà bí èkejì. Àwọn kan tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, tí lẹ́ńsì wọn jẹ́ f/3.5 Planar tàbí Xenotar, Bay II ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ èyí tí lẹ́ńsì wọn jẹ́ f/2.8, Bay III ni. Ọlọ́jà lè fi gbogbo ọkàn sọ fún ọ pé “ti Rolleiflex ni”, kó sì jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kó má wọ kámẹ́rà rẹ. Orí ẹni la fi ń wọn fìlà: kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni kó o gbé dé ìsọ̀, kó o fi ohun tí o fẹ́ rà sí i lẹ́nu, kó o yí i títí tí yóò fi dè.

Báyìí ni mo ṣe yan fílítà aláwọ̀ ìyeyè kan àti ìbòjú tó ń ṣíji bo lẹ́ńsì, Bay I ni méjèèjì. Ìdè inú ni fílítà ń wọ̀, ìdè ìta ni ti ìbòjú, nítorí náà wọ́n lè jọ wà lára lẹ́ńsì lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá béèrè ìdí tí n kò fi mú aláwọ̀ ọsàn. Mo ní ojú ọ̀run nìkan kọ́ ni mo ń wá. Fílítà ìyeyè máa ń jẹ́ kí òfuurufú búlúù ṣókùnkùn díẹ̀ lórí fíìmù dúdú àti funfun, kí ìkùukùu lè yọ. Ti ọsàn máa ń ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbà lọ́wọ́ fíìmù pọ̀ jù. Ìpele kan péré ni ti ìyeyè ń gbà.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló gba ìrònú jù. Bátìrì mẹ́kúrì PX625, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 1.35, ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wà lára 124G. Wọn kì í ṣe é mọ́, nítorí májèlé mẹ́kúrì. Bátìrì álíkáláìnì tó bá ihò rẹ̀ mu ń bẹ lọ́jà, àmọ́ fóòtì 1.5 ni tirẹ̀, ìyẹn sì tó láti mú kí abẹ́rẹ́ mítà ṣìnà. Ohun tó sún mọ́ ti àtijọ́ ni bátìrì 675 tí àwọn tí etí wọn kò gbọ́ran dáadáa ń lò. Fóòtì 1.4 ni, òrùka kékeré kan la fi ń gbé e dúró nínú ihò. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un ṣiṣẹ́. Bí a bá ti ṣí bébà ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní pẹ́ kú. Mo rà á, mo sì fi bébà náà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sekonic L-398 ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, mítà àmúlọ́wọ́ tí kì í lo bátìrì rárá: ìmọ́lẹ̀ tó bá kan sẹ̀lẹ́níọ̀mù inú rẹ̀ ló ń gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Fíìmù náà ní òfin tirẹ̀. J.D. ’Okhai Ojeikere, tó ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa láti 1968 títí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fìláàṣì ló kọ́kọ́ rà ní 1950. Fíìmù 620 ni Brownie D ń lò. Fífẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti 120, spool rẹ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti èkejì lọ. Kodak ti dá 620 dúró ní 1995, nítorí náà ẹni tó bá jogún Brownie D sábà máa ń ká fíìmù 120 sórí spool 620 nínú òkùnkùn. Yashica-Mat kò ní ìṣòro yìí. Kìkì pé kí a rí i pé páálí irin tó ń tẹ fíìmù nínú rẹ̀ wà ní 120, kì í ṣe ní 220, nítorí 120 ní bébà lẹ́yìn jálẹ̀, 220 kò ní. Fíìmù Ilford FP4 Plus ni mo kó dání.

Láti Mile 2 la ti wọ ọkọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Sẹ́mẹ̀ gùn, ó sì ń gbọ̀n wá bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sí kòtò, nítorí náà orí itan mi ni àpò kámẹ́rà wà. Nígbà tí a dé Àgbádárìgì, mo kọjá lára ilé alájà àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, tí wọ́n parí ní 1845, mo sì kọrí sí èbúté. Mo fi kámẹ́rà sínú ọ̀rá nínú àpò, mo wọ ẹ̀wù ìléfòó. Ọ̀sà náà kò fẹ̀, kò pẹ́ tí a fi gúnlẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú mi rìn, ọmọ Ògù, ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Bí a ṣe bọ́ sójú ọ̀nà, iyanrìn funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìmọ́lẹ̀ sókè, oòrùn sì ń ta á sísàlẹ̀. Níbí ni mítà àmúlọ́wọ́ ti fi ìwúlò rẹ̀ hàn. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára nǹkan yóò gbà pé iyanrìn funfun yẹn ni gbogbo ayé, yóò sì sọ ènìyàn dúdú tó dúró lórí rẹ̀ di òjìji lásán. Mo fi irin tóóró tó wà fún oòrùn líle sínú Sekonic, mo gbé e síwájú ojú ọmọkùnrin náà, mo kọ ojú mítà sí kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ wá kàn án ló wọ̀n, kì í ṣe àwọ̀ ara rẹ̀. Ó ní 1/125 ní f/16. Nítorí fílítà ìyeyè, mo ṣí i sí f/11, torí kámẹ́rà yìí kì í ti inú lẹ́ńsì wọn ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó fi fílítà sí i ló gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀.

A dé ibi kànga. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kéré ju ti ojú ọ̀nà lọ, mo sì fẹ́ kí ohun gbogbo mọ́ kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà mo fún ojú lẹ́ńsì pọ̀ mọ́ra, mo sì gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ìdí kámẹ́rà àti orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ bára wọn mu: ihò Yashica-Mat gba ìdè 1/4 ínṣì, nígbà tí ọ̀pọ̀ Rolleiflex àtijọ́ gba 3/8, irin kékeré kan ló sì ń so wọ́n pọ̀. Mo fi wáyà ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ mi má bàa gbọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn kànga, ọ̀nà náà lọ tààrà sí Point of No Return, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń gba àwọn tí a kò rí mọ́. Mo dúró ṣinṣin níbẹ̀. Àwọn tó rin ọ̀nà yìí, ẹ̀wọ̀n ni ẹrù wọn, wọn kò sì yàn án. Ẹni tó bá wá ya ojú ọ̀nà wọn lónìí, ó jẹ wọ́n ní gbèsè ìtọ́jú: kó má fi fíìmù ṣòfò, kó má sì gbé ohun tí kò wúlò wá dí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi fìláàṣì sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà yìí lè bá a ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìyára títí dé 1/500 bí a bá fi í sí X. Ìmọ́lẹ̀ etíkun ni mo wá fún.

Lẹ́bàá omi, bàbá apẹja kan ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá mi túmọ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya ọwọ́ yín?”

“Yà á,” ni wọ́n wí, “iṣẹ́ ló ń ṣe.”

Láìsí ìrànlọ́wọ́, Yashica-Mat kò lè ríran kedere sí ohun tó sún mọ́ ọn ju mítà kan lọ. Gíláàsì ìsúnmọ́ ni mo so mọ́ ọn, Bay I kan náà. Méjì ni: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ojú ìsàlẹ̀, èyí tó nípọn fún ojú òkè, kí àmì pupa ara rẹ̀ wà lókè, kí ohun tí mo ń wò àti ohun tí fíìmù máa rí lè ṣe déédéé. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan ṣoṣo yóò gé ìka bàbá kúrò nínú fótò láìmọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ iyọ̀ àti iyanrìn bọ̀. Fílítà gba ìyẹn fún lẹ́ńsì, ìbòjú sì gba oòrùn. Nígbà tí rólù tán, mo kẹ̀yìn sí oòrùn, mo pààrọ̀ fíìmù lábẹ́ òjìji ara mi, mo fi bébà ẹnu rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pinpin.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní irú kámẹ́rà yìí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n rò pé ayé rẹ̀ ti tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó kù fún un kò ju fíìmù tuntun, fílítà tó bá ẹnu rẹ̀ mu, àti mítà tí kò nílò bátìrì. Ẹ gbé e jáde. Ẹ ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ẹ wo etí lẹ́ńsì rẹ̀ àti ihò ìdí rẹ̀, ẹ gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sọ́jà, kí ẹ tó náwó kankan. Àwọn ibi tó yẹ kí a fi kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ yà nílẹ̀ wa ṣì pọ̀, Gberefu kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.