Àpò Ìkarahun ní Ṣọ́ọ̀bù Màmá Mi

Ẹni tó bá mọ Abúlé Ẹ̀gbá mọ̀ pé òkun jìnnà sí wa. Ariwo dánfó àti eruku ọ̀nà Abẹ́òkúta la mọ̀. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìyẹ tí màmá mi ń tà ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan inú omi iyọ̀. Oyster shell là ń pè é. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ adìyẹ tó ń yé, kí èèpo ẹyin lè le. Mi ò rò ó rí pé ilé ẹ̀dá kan ni.

Àfi ọjọ́ tí olùkọ́ wa fi àwòrán giant clam hàn wá, èyí tó ń gbé láàárín òkìtì iyùn ní òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì. Ìkarahun rẹ̀ lè gùn ju mítà 1 lọ, ó sì lè wúwo ju kílò 200 lọ. Ẹ̀rín pa wá. Olùkọ́ wá ní akọ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń jẹ́. Ó dìgbà tí wọ́n bá tóbi kí wọ́n tó ní ẹyin. Inú omi ni wọ́n ń da ẹyin àti àtọ̀ sí, bí wọ́n bá sì jìnnà síra, wọn ò ní bí. Àwọn ńlá yìí gan-an làwọn apẹja ń wá! Ìdí nìyẹn tí Edgardo Gomez àtàwọn olùwádìí Yunifásítì ti Philippines fi tọ́ ọmọ wọn nínú táǹkì ní Bolinao, kí wọ́n tó kó wọn sínú òkun.

Àpò màmá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Oyster etí ọ̀sà tiwa náà, akọ ni ní kékeré, abo ló ń dà bó bá dàgbà.

Ní Gambia, àwọn obìnrin tó ń kó oyster ní Tanbi, nítòsí Banjul, dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀ ní 2007. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Rhode Island ní Amẹ́ríkà bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n sì fòfin de kíkó o fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Ní 2012, ìjọba fi ibẹ̀ sábẹ́ àbójútó wọn.

Mo rò ó fún màmá mi níbi tí a ti ń wọn oúnjẹ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Lóṣù tí wọn ò kó o, kí làwọn obìnrin yẹn ń jẹ?"

Wọn ò kọ́ wa nìyẹn ní kíláàsì. Mo lọ kà á: ẹgbẹ́ náà ń bá wọn tọ́jú owó, ó sì ń yá wọn lówó òwò.

"Ẹ̀hẹn," màmá mi ní. "Àjọ nìyẹn."

Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe ẹni tó ń kó àpò náà wá: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń rí nǹkan yìí gan-an?"