Mọ́tò Tí Kì í Jẹ́pè Lọ́sàn-án

Èlùbọ́ ni mo lọ rà ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta. N kò rí ibòji kankan, ni mo bá gbé mọ́tò sílẹ̀ sínú oòrùn gangan, lẹ́bàá ọ̀nà tó gòkè lọ sí Màpó. Ó tó wákàtí kan àtààbọ̀ kí n tó padà dé ìdí rẹ̀. Irin ilẹ̀kùn ń jóni lọ́wọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí gbirigbiri, kò gbaná.

Ìgbà kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé bí ilẹ̀ bá ti tutù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó yí i, yóò dáhùn. Rewáyà kan ti ní bátìrì ló kú. Mo ra tuntun. Òmíràn ní púlọ́ọ̀gì ni. Mo pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó lọ, àìsàn dúró. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bátìrì tó ti kú kì í yí ẹ́ńjìnnì báyẹn. Ká ní òun ni, "kẹ̀, kẹ̀" la ó máa gbọ́, iná iwájú á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Bàbá mi ní Peugeot 504 nígbà kan, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Kàbùrétọ̀ nìyẹn ń lò. Bí ooru bá mú un, epo inú páìpù á hó, á di atẹ́gùn, pọ́ńpù ò sì ní lè fà á mọ́. Àkísà tútù ni bàbá máa ń wé mọ́ ọn, a ó jókòó dúró. Bí a bá lọ sí Màpó, níbi gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n máa ń kọjú mọ́tò sí, kó lè yí wálẹ̀ bí bátìrì bá kọ̀. Tèmi kò ní kàbùrétọ̀, ọ̀tọ̀mátíìkì sì ni. Títì kò ràn án.

Màmá ẹlẹ́lùbọ́ ló rán ọmọ wọn lọ pe mẹkáníìkì àgbà kan wá láti Bẹyẹrúnkà.

"Ẹ kú oòrùn o, bàbá."

Wọn kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Wọlé, ọmọ mi. Ṣí kọ́kọ́rọ́, má tíì kíkì í." Wọ́n tẹ etí mọ́ àga ẹ̀yìn, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó yí wa ká dákẹ́. "O gbọ́ nǹkan?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, bàbá."

"Ó yẹ kó dún yùùn, bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Pọ́ńpù epo ni. Ó ti dákú."

Wọ́n yẹ fíúsì wò, wọ́n rí i pé iná ń dé ibẹ̀. Wọ́n wá fi igi gbá ìsàlẹ̀ tánkì jẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò dáhùn. Ni wọ́n bá tọ́ka sí iná epo tó ń tàn níwájú mi: "Ṣé bó o ṣe ń rìn nìyí?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rọ epo. N kò mọ̀ pé inú tánkì ni pọ́ńpù ń gbé, àti pé epo tó yí i ká ló ń tù ú lára. Bí epo bá fà sísàlẹ̀, oòrùn ń jó o láti ìta, iná tó ń lò ń mú un gbóná láti inú. Bó bá ti gbó díẹ̀, á dákú. Tí alẹ́ bá lẹ́, á jí.

Kì í ṣe pọ́ńpù nìkan ni ooru ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí náà lè dákú, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ẹ ó ṣì gbọ́ pọ́ńpù.

Ẹ̀yin tí mọ́tò yín ń kọ̀ lọ́sàn-án, tó ń jẹ́pè lálẹ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ta bátìrì fún yín, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ dákẹ́, kí ẹ fetí sí ẹ̀yìn. Bí agbára bá sì gbé e, ẹ má jẹ́ kí epo relẹ̀ ju ìdajì tánkì lọ títí òjò yóò fi dé.